Ká Ní Rélùwéè Gba Ìkòròdú Kọjá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòròdú, Ìgbógbo, Báyẹ̀kú, Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ́ta títí dé Àgbọ̀wá, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí ìlú wa ì bá ṣe rí ká ní àwọn tó ṣèjọba lé wa lórí láti ayé òyìnbó ti ṣe nǹkan mìíràn sí ọ̀nà, sí iná, sí omi. Mo gbà pẹ̀lú ìdùnnú torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ò ráyè wá, mo kàn yọ ibi tí mo ti ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ kúrò ni.

Tá a bá jókòó sídìí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú bọ́ọ̀sì tàbí nílé báábà, ibi tó máa ń já sí ni ká ní ọmọ wa ló wà nípò, ká ní ológun ò gbàjọba, ká ní òyìnbó ò tètè lọ. Mi ò ní gba ibẹ̀ yẹn lónìí. Bí mo ṣe ń rò ó ni pé nǹkan kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ yí padà, owó tó wà nígbà yẹn, ẹ̀rọ tó wà nígbà yẹn, ẹni tó ń pàṣẹ nígbà yẹn, ká fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún gómìnà ayé 1900 ní owó epo rọ̀bì, àlọ́ là ń pa nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ká má kàn ka èrè, ká béèrè ta ni ì bá pàdánù, torí kò sí títì tí wọ́n là tí kò gba orí ilẹ̀ ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ìkòròdú ò jìnnà sí Èkó. Ẹ lọ dúró ní Ìpakodò lọ́jọ́ tí kùrukùru ò sí, ẹ kọjú sí gúúsù, omi ọ̀sà nìkan ló wà láàárín wa àti Èkó. Wọ́n sọ wá di ará ibi tó jìnnà ni. Kò sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà ńlá, wọ́n á yà kúrò lọ́dọ̀ wa, àwa náà á ní kò burú, a ṣì ní títì tiwa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1865. Ọdún yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá wá dó ti Ìkòròdú. Kí ni wọ́n ń wá níbí? Ọ̀nà ni. Láti ìgbà ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa dí Ìbàdàn lọ́nà kó má baà rí ìbọn àti ẹ̀tù rà láti etí òkun. Àwa ní tiwa, à ń tà, à ń rà, ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa wọ Rẹ́mọ lọ sí Ìbàdàn là ń jẹ, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í pa. Ni wọ́n bá dó tì wá. Glover, òyìnbó tó ń ṣolórí Èkó nígbà yẹn, ẹni táwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn ọmọ ogun West India Regiment pẹ̀lú àwọn Haúsá tó kó jọ, wọ́n gba orí ọ̀sà wá, ní oṣù kẹta ọdún yẹn wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi wa. Gólóbà ò torí ojú wa ṣe é o, torí ọjà Èkó ni, tí ọ̀nà Ìkòròdú bá tì, owó ò ní wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé ní 1865, ọ̀nà tó gba Ìkòròdú kọjá tó nǹkan tí èèyàn ń kú lé lórí.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba òyìnbó kan náà fẹ́ la ọ̀nà rélùwéè wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láti Iddo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba Agége, wọ́n gba Ọ̀tà, wọ́n gba Abẹ́òkúta, nígbà tó fi máa di 1901 ó ti dé Ìbàdàn, nígbà tó di 1912 ó ti dé Kánò. Kí ló dé tí wọn ò gba ọ̀dọ̀ wa? Ìdí ẹ̀ yé èèyàn tó bá rò ó dáadáa. Ní 1892 ni Gómìnà Carter ti fi ogun ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, látìgbà yẹn gbogbo ọ̀nà ti ṣí, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ò jẹ́ kí ẹrù kọjá mọ́, ìyẹn ni pé ọ̀nà Ìkòròdú tó ti jẹ́ ọba tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ Ẹ̀gbá pọ̀, Abẹ́òkúta tóbi, àwọn oníwàásù àti oníṣòwò òyìnbó ti pẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé irin láti Iddo wá sí Ìkòròdú, ẹ gbọ́dọ̀ la irà tí odò Ògùn ń tú sí kọjá, láti Kétu títí dé Májídùn, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ nígbà òjò á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Ká ní wọ́n sọ pé àwọn ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Iddo, pé etí omi Ìpakodò làwọn máa ti bẹ̀rẹ̀, kí irin gba Ṣàgámù lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan á ní kò mọ́gbọ́n dání, pé èbúté tí ọkọ̀ òkun ò lè dé. Ẹ dúró ná. Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, ọkọ̀ òkun ńlá ò lè wọ Èkó gan-an pàápàá. Yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà òkun ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, Forcados níhà Delta ni wọ́n ti máa ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré tó lè gun orí yanrìn yẹn kọjá. Nígbà tí wọ́n to òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bíi 1908, ìgbà yẹn ni ẹnu ọ̀nà jìn tó, ó ti ń lọ sí 1914 kí ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bó ṣe yẹ. Nítorí náà fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tí rélùwéè fi ṣiṣẹ́, gbogbo ẹrù tó ń bọ̀ ló ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹrù tó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ló máa ṣe é tó bá gun orí ọ̀sà wá sí Ìpakodò? Owó ẹ̀ ò ní ju agbára wọn lọ, wọn ò sì ní kan afárá kankan lórí odò Ògùn. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ó ṣeé ṣe.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ì bá tẹ̀lé e? Ẹ wo Ẹ̀bute Mẹ́ta, kẹ́ ẹ rí ohun tí rélùwéè máa ń ṣe fún ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe sí, ibẹ̀ ni àwọn fítà, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń rọ irin ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yẹn ló wà níwájú nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, Michael Imoudu ni olórí ẹgbẹ́ wọn. Ká ní Ìpakodò ni ilé iṣẹ́ yẹn wà, ọmọ Ìkòròdú tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ní lọ wọ ilé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Obì Rẹ́mọ ńkọ́? Obì tó sọ Ṣàgámù di ibi tí àwọn Haúsá wá dó sí, ilé ẹ̀ gan-an ni wọn ì bá ti máa kó o sínú wágọ́ọ̀nù lọ sí Kánò. Agége tó di ìlú obì torí pé irin kọjá níbẹ̀, ó lè má ju abúlé olóko lọ títí di àárín ọ̀rúndún ogún.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Mo ní ká wo ẹni tó máa pàdánù. Ibi tí irin bá gbà, ìjọba ló ni ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilẹ̀ ìdílé ní etí omi lónìí, kò ní ku èyí tẹ́ ẹ máa jà sí kóòtù lé lórí. Igbó orò wa, ojúbọ wa, òmíràn nínú ẹ̀ ì bá ti di ibi tí wọ́n ń tú èédú sí. Ìlú tó bá sì ní rélùwéè, gbogbo ayé ló máa ń wá síbẹ̀. Nígbà tí àrùn eku jà ní Èkó láti 1924, ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń la ilẹ̀ fún àwọn èèyàn ní Yaba. Kí ló dé tó jẹ́ Yaba? Torí ọ̀nà irin wà nítòsí ni. Ní ayé kejì tí mò ń sọ yìí, Yaba yẹn lè jẹ́ Ìgbógbo. Ó tún lè jẹ́ Mùṣin la máa dà, ilé kan ń fi ẹ̀yìn ti ilé kejì, kò sí gọ́tà, kò sí ibi tí ọmọdé á ti gbá bọ́ọ̀lù. Mùṣin náà, ọ̀nà irin ló bí i. Èmi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín, mo fẹ́ ọ̀nà irin yẹn fún Ìkòròdú, àmọ́ mo mọ̀ pé oko ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà ò ní wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fò sí 1978. Kí ọdún yẹn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò láti Èkó lọ Ìbàdàn, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù wà lára ibi tó máa gbà. Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí bí lọ́rì ṣe ń tò lọ, tí àwọn ìyá ń ta ẹ̀kọ, ń ta móínmóín ní ẹ̀bá títì. Wọ́n wá la ẹkisipíréèsì tuntun, kìlómítà 127 ó lé díẹ̀, ó ti Ọ̀jọ́tà kọrí sí Mòwé àti Ìbàfò, lọ pàdé Ṣàgámù lápá ibòmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, gbogbo ọkọ̀ Ìbàdàn yí orí padà. Ẹ wo Mòwé, ẹ wo Ìbàfò lónìí, abúlé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tiwa tó gba Ògíjó lọ sí Ṣàgámù sì wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fi í rìn ló mọ bó ṣe rí. Èyí kò le rò rárá: ilẹ̀ tó wà láàárín wa àti Ṣàgámù ga, kò ní irà, wọn ì bá kàn fẹ títì tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Ohun tó máa ná wọn lówó ni láti Kétu dé Májídùn, irà yẹn náà ni.

Irà yẹn ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ní 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán lókè níbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti máa fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi. Bí òjò bá ti pọ̀ jù tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú, Májídùn, Agbóyì, ní 2010 omi wà nínú ilé àwọn èèyàn fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ yàrá. Èèyàn tó bá ń ṣe ètò ọ̀nà láìṣe ètò omi, orí omi ló ń kọ́lé sí.

Ọ̀rọ̀ iná, mo máa sáré sọ ọ́. Iléeṣẹ́ iná Egbin wà nílẹ̀ Ìjẹ̀dẹ́, láàárín 1985 sí 1987 ni wọ́n tan án, ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ ẹ̀ 1,320, kò sí iléeṣẹ́ iná ooru tó tóbi tó o nígbà yẹn ní Nàìjíríà. Omi ọ̀sà ni wọ́n tẹ̀lé wá síbẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi yí nílò omi púpọ̀ láti fi tutù, gáàsì sì ń gba inú páìpù láti Escravos wá bá a. Gbogbo iná yẹn, orí wáyà àpapọ̀ ló ń lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in kiri gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣìmìnì ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń tàn. Nǹkan kan tí mo bá lè yí padà níbẹ̀ ni òfin, kí ó ti wà nínú òfin láti 1985 pé ìlú tó gba irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lálejò lè fa iná tiẹ̀ ní tààrà, kó sanwó ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Odogunyàn nìkan ì bá ti pọ̀ ju báyìí lọ dáadáa. Òfin iná tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ti wá jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣètò iná tara ẹ̀, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ jọ̀ọ́ kí wọ́n ka òfin yẹn.

Ó wá ku èyí tí gbogbo yín ti ń retí, rélùwéè Jákáńdè. Lateef Jákáńdè ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí ìparí 1983. Ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ Faransé láti kọ́ ọ̀nà irin láàárín ìgboro, láti Marina lọ sí ìhà Agége, kìlómítà bíi 28 ààbọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Metroline. Àwọn ológun gbàjọba ní December 31, 1983. Nígbà tó di 1985, ìjọba Buhari fagi lé e. Owó tó ti wọlẹ̀ lára ti Èkó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, a ò rí tíréènì, a ò rí owó.

Ẹ wá wo àwọn ẹlòmíràn ní àkókò kan náà. Ní Cairo, ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn Faransé náà ni wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́, ní 1987 wọ́n ṣí i, òun ni rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Singapore ńkọ́, wọ́n bára wọn jiyàn gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Harvard wá ní 1980, wọ́n ní bọ́ọ̀sì nìkan tó fún wọn, àwọn kan nínú ìjọba gbà bẹ́ẹ̀, Ong Teng Cheong tó jẹ́ mínísítà ní rárá, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ̀nà irin. Ní 1982 wọ́n pinnu, ní November 1987 àwọn èèyàn wọ̀ ọ́. Àwa? Blue Line, láti Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, September 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Láti 1985 sí 2023, ọdún 38. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé Metroline, tó bá tètè bímọ, ọmọ ẹ̀ ti ń lọ yunifásítì kí tíréènì tó dé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ká ní Jákáńdè parí Metroline, ṣé ó máa dé Ìkòròdú? Kò ní dé. Marina sí Agége ni. Ohun tí mo rò pé ó máa ṣe ni pé ìlú máa fẹ̀ síhà Agége, Alágbàdo, Ìfọ̀, torí ibi tí tíréènì bá dúró sí ni àwọn èèyàn máa ń wá ilé sí. Ìkòròdú ì bá ṣì jẹ́ ìlú tó rọra ń dàgbà, ilẹ̀ ì bá má tíì wọ́n, gbogbo àwọn tó sá owó ilé ní Èkó wá sí Agric àti Owódé, ìdajì wọn lè má wá. Ẹlòmíràn á ní ìyẹn dáa. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Afárá kẹta tí wọ́n parí ní 1990, kìlómítà 11.8, Ọ̀wọ̀ròǹṣòkí ló bọ́ sí, mọ́tò ni wọ́n kọ́ ọ fún, látìgbà náà ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú ti ń rọ́ gba ojú kan ṣoṣo ní Kétu. Bọ́ọ̀sì BRT tó dé ọ̀dọ̀ wa ní November 2015 ràn wá lọ́wọ́, mi ò ní purọ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí dáńfó, ṣùgbọ́n títì kan náà yẹn ló ṣì ń gbà, tí táńkà kan bá ṣubú ní Mile 12, gbogbo wa la jọ jókòó síbẹ̀.

Wọ́n wá bi mí lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Báyẹ̀kú, ó ní ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yí ẹyọ kan padà, èwo lẹ máa mú? Ó rò pé afárá kẹrin ni mo máa dárúkọ, torí ọ̀dọ̀ wọn ló máa gbà. Afárá yẹn, láti bíi 2003 ni wọ́n ti ń sọ ọ́, láti Ajah wá sí Báyẹ̀kú títí dé ọ̀nà Ìbàdàn, kìlómítà bíi 38, ní December 2022 wọ́n kéde àwọn kọ́ńtírákítọ̀ tí wọ́n yàn. A ò tíì gun orí ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé rárá, kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe rélùwéè 1901. Ọkọ̀ ojú omi Jákáńdè ni.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Jákáńdè kan náà tí gbogbo wa ń sunkún Metroline ẹ̀, ó ra ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina, wọ́n pe ọ̀kan ní Baba Kékeré, wọ́n pe èkejì ní Ìta Fàájì. Kò ná wọn ní ohun tí tíréènì ná wọn. Kò wó ilé ẹnikẹ́ni. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ Faransé. Nǹkan kan tí mo máa yí padà ni pé ní 1983, kí wọ́n fi ọ̀kan sí Ìpakodò sí Marina, kí ìjọba tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ológun ni o, alágbádá ni o, má dá a dúró. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e díẹ̀. Ọ̀sà wa ò jìn, ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ò ju mítà méjì lọ, nítorí náà kí ọkọ̀ ńlá tó lè máa lọ kó máa bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ojú ọ̀nà ẹ̀, kí wọ́n yọ àwọn igi àti àjókù ọkọ̀ tó rì. Ní 1984 ni koríko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Benin wọlé wá, ó bo omi mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ ò lè yí. Níbi tí kò bá sí ọkọ̀ ìjọba lórí omi, kò sí ẹni tó máa kó koríko. Ṣùgbọ́n tí èrò ẹgbẹ̀rún bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, gómìnà ò ní sùn, àwọn èèyàn á pariwo, wọ́n á kó o. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, tí a bá ti ń lo nǹkan, a máa ń bínú tó bá bàjẹ́. Ọ̀sà wa bàjẹ́ torí kò sí ẹni tó ń bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú fúnra ẹ̀. Bí Ìkòròdú ṣe dàgbà, ó dojú kọ títì, ó kẹ̀yìn sí omi. Ilé ìtajà, báńkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbogbo ẹ̀ wà ní ẹ̀bá títì láti Gáráàjì lọ sókè. Ẹ wá lọ sí etí omi ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Báyẹ̀kú, yanrìn ni wọ́n ń wà, típà ló ń wọlé, típà ló ń jáde. Ká ní ọkọ̀ ti ń lọ láti 1983, etí omi yẹn ni ìlú ì bá dojú kọ, ibẹ̀ ni ọjà máa wà, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n máa jà lé lórí. Màmá kan tó ń ta ẹja béèrè lọ́wọ́ mi níbẹ̀ pé, ọmọ mi, àwọn apẹja wa ńkọ́, ọkọ̀ ńlá ò ní ya àwọ̀n wọn? Ó máa ya àwọ̀n wọn, màmá. Ìyẹn ni ẹni tó máa pàdánù nínú èyí, a ò sì gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ sàmì sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, kí apẹja mọ ibi tí òun lè dẹ àwọ̀n sí, kí wọ́n sanwó fún èyí tí wọ́n bá gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Típà tó ń wa yanrìn báyìí ò sanwó fún wọn rí.

Ẹ lọ sí jẹ́tì Ìpakodò láàárọ̀, kẹ́ ẹ wò ó bó ṣe rí lónìí. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Victoria Island á to ìlà, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè sínú ìwé, á gba jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, á so okùn ẹ̀ mọ́ àyà lé orí súùtù ẹ̀, á fi báàgì sáàárín ẹsẹ̀. Ọkọ̀ á gbéra, kò ní tó wákàtí kan tó fi máa sọ̀kalẹ̀ níbi tí ẹni tó gba títì á lo wákàtí mẹ́ta kó tó dé. Ìyẹn dáa. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà ẹ̀. Wọn ò gba ọkọ̀ ojú omi láyè láti rìn lóru, torí kò sí iná lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago méje alẹ́, títì ló máa gbà padà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa pàdé ní Kétu. Kí ló dé tí àwọn èèyàn ò fi fi mọ́tò wọn sílẹ̀? Torí ọkọ̀ tó gbé ọ lọ tí kò lè gbé ọ bọ̀, ìdajì ọkọ̀ ni. Ní ayé kejì yẹn, ogójì ọdún ti tó láti fi ri òpó iná sínú ọ̀sà, pupa lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo èbúté ayé, kí ọkọ̀ máa rìn títí di aago mẹ́wàá alẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin Báyẹ̀kú yẹn tún dìde, ó ní ṣé ó ti pẹ́ jù ni? Kò pẹ́ jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá àjọ LASWA sílẹ̀ láti 2008 láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìrìnnà ojú omi, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tuntun tí wọ́n pè ní Omi Èkó sì ti wà nílẹ̀ báyìí, European Union àti báńkì ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ló ń bá wọn fi owó sí i. Àwọn Faransé náà tún ti dé. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá wá pè wá sí ìpàdé lórí ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pe aráàlú, ẹ má jẹ́ ká lọ béèrè iye ọkọ̀ tí wọ́n máa rà, torí ọkọ̀ ló máa ń wà nínú fọ́tò. Ká béèrè ìgbà tí wọ́n máa gbẹ́ ojú ọ̀nà láti Ìpakodò, ta ló máa gbẹ́ ẹ lọ́dún tó tẹ̀lé e, mélòó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré, kí ni wọ́n máa san fún apẹja, aago mélòó ni ọkọ̀ ìkẹyìn máa kúrò ní Marina lálẹ́, àti ibi tí wọ́n máa ri òpó iná sí. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ sára bébà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.